Ilé Tí Kò Ní Òrùlé

Bíríkìlà ni mí. Láti Gbódòfọ́n dé Òkè-Baálẹ̀,
mo mọ ilé tí ọwọ́ mi gbé dúró,
mo sì mọ ọgbà kan tó wó lọ́dún kejì
torí pé onílé ha sìmẹ́ǹtì.
Èmi fúnra mi, yàrá kan ni mo háyà ní Ìgbọ̀nà.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà a máa wọ àkísà.

Músáfáù apẹja ló wá bá mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.
Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n wò ó:
epìyà mẹ́ta tí kò tó ìka mi,
àti bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan.
"Ìsàlẹ̀ adágún ti tẹ́jú bí àwo," ó wí.
"Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo kùkùté. Ẹja ò ríbi sá sí,
kò ríbi yé ẹyin. Wá kọ́lé fún wọn."
Mo ní, "Ta ni yóò sanwó iṣẹ́?"
Ó ń wo bàtà náà. Kò fèsì.

Bí a ṣe di alágbe nìyẹn.
Ráfátù tó ń lẹ táyà l'Ókè-Fìà yọ̀ǹda mẹ́tàdínlógún;
a fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ wọ́n
títí omi tó ń dà lára wọn fi mọ́ gaara.
Òtẹ́ẹ̀lì kan kó àwo ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà fún wa, funfun báláú,
àwọn ọmọ àdúgbò sì fi wá ṣẹ̀sín di alẹ́.
Fíríìjì tí ẹnì kan gbé wá, a dá a padà:
ohun tó wà níkùn rẹ̀ kò yẹ kó kan omi.
Ìyá Gbọ́láṣeré, tí ọ̀nà títì jẹ ilé rẹ̀,
ló fúnra rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́.
"Lára yàrá tí mo bímọ sí ni," ó ní.
"Ẹ gbé e síbi tí ìbímọ yóò tún ti wáyé."

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀ṣúntóókí aláró dé,
ìkòkò aró mẹ́rin tó ti sán, ogún ìyá rẹ̀,
lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù.
Ó ní, "Ẹ gbọ́ ìtàn ìlú yìí bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ.
Lọ́jọ́ tí igi wó sódò, ohùn kan ké nísàlẹ̀ omi:
Ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!
Láti ọjọ́ yẹn, ta ló dá ẹyọ kan padà?"

A dákẹ́.

Mo so táyà ní mẹ́ta mẹ́ta, mo to búlọ́ọ̀kù,
mo sì ń fi okùn ìwọ̀n wò ó bóyá ó tọ́.
Músáfáù ní, "Ẹja ò mọ ògiri tó wọ́."
Mo ní, "Èmi mọ̀ ọ́n."
Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé nígbà tí a ń ju àwo ìgbọ̀nsẹ̀.
Àwọn ìkòkò la fi ṣe ìkẹyìn.
Wọn ò kánjú rì. Wọ́n kọ́kọ́ mumi yó,
wọ́n mí lẹ́ẹ̀kan, gbuu,
aró àtijọ́ sì tú jáde díẹ̀, bí èéfín.

Oṣù kan, kò séjà. Oṣù kejì, bàtà mìíràn.
Mo ti ń yẹra fún Músáfáù lọ́nà mọ́sálásí.
Àfìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dá tó wá kanlẹ̀kùn mi lóru:
àrọ̀ kan, ó tó apá rẹ̀, dúdú bí aṣọ ẹlẹ́lùú,
ti gba ìkòkò ńlá. Ó ká ìwọ̀ rẹ̀ kúrò.
"Ó ń tọ́mọ," ó ní. "Ó dìgbà tí wọ́n bá tó kó jáde."

Ó lọ tán, òjò tún bẹ̀rẹ̀.
Páànù mi ń jò. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbi tí mo máa ń gbé e sí.
Mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú kan àwọn ayálégbé mi,
àwọn tí omi jẹ́ òrùlé fún,
tí òjò kò lè jò sí lára,
tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì san kọ́bọ̀.